Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Clarkson Stanfield, Atukọ̀ Tí Ó Di Ayàwòrán Òkun

  

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ni à ń pè ní Abíọ́nà. Èyí tí ó wá sáyé lẹ́yìn ikú baba àgbà ni ó ń jẹ́ Babátúndé. Orúkọ kì í sì í ṣe ohun tí à ń he lójú títì, bí kò ṣe ẹ̀rí tí ìdílé ń jẹ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àṣà wa ni èyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò pin síbì kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1793, ní ìlú Sunderland, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí odò Wear ti ń tú sínú òkun, baba kan wo ilé rẹ̀, ó wo ìrìn àjò tí ó ti rìn, ó wo ẹ̀rí tí ó ti jẹ́ níwájú ayé, ó sì sọ ọmọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún un ní Clarkson. Ọmọ náà ni ó dàgbà tí ó di atukọ̀, tí ó fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, tí ó mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà lọ́wọ́, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán òkun tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo gbé wá fún yín ní alẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ìtàn odò kò gbọdọ̀ fi orísun rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

James Field Stanfield ni orúkọ baba náà, ọmọ ilẹ̀ Àìlándì ni. Nígbà èwe rẹ̀, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ yí padà, ó fi ìwé àlùfáà sílẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ òkun lọ. Ní ọdún 1774 ni ó wọ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Eagle ní èbúté Liverpool, ọkọ̀ náà sì kọ orí sí ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, sí etí òkun Bìní, láti lọ ra ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe rò pé ìfẹ́ ni ó ń kó gbogbo atukọ̀ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. James fúnra rẹ̀ ni ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà bí wọ́n ti ń dẹ tàkúté fún àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ ní Liverpool: wọn a fà wọ́n wọ ilé ọtí, wọn a máa bu ọtí fún wọn bí ẹni bu omi, orin yóò máa lọ, ijó yóò máa lọ, onílé ọtí yóò sì máa ka gbèsè sí wọn lọ́rùn, nígbà tí ojú bá dá, a ó fi ọ̀nà méjì hàn wọ́n, ẹ̀wọ̀n onígbèsè ni ọ̀kan, ọkọ̀ ẹrú ni èkejì. Bí a ti ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú àwọn tí yóò tu ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi agbára mú àwọn tí a óò dì sínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, James kò dúró sórí omi. Ó wọ inú ilẹ̀ lọ, ó sì gbé fún oṣù 8 ní ibùdó àwọn olówò ẹrú ní Gatoe, èbúté ilẹ̀ Bìní, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ughoton. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun tí àwọn olówò ẹrú kò fẹ́ kí ará Yúróòpù mọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn a máa wí pé ìyà àti ogun ni gbogbo ayé àwọn ènìyàn dúdú, àti pé oore ni a ṣe fún wọn bí a bá kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n James kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí ènìyàn tí ó láyọ̀ ju àwọn ará ìjọba Bìní lọ, nínú ìdẹ̀ra àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí wọ́n wà. Lẹ́yìn èyí ni ó bá ọkọ̀ mìíràn, True Blue, padà lójú òkun pẹ̀lú ẹrù ènìyàn, wọ́n sì gba Jàmáíkà lọ. Ohun tí ó rí nínú ọkọ̀ náà kò kúrò lójú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀: ooru abẹ́ àjà ọkọ̀, ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ìkérora àwọn tí ilẹ̀ mọ́ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹnìkejì wọn, àti pàṣán tí kò yọ àwọn atukọ̀ pàápàá sílẹ̀. Nígbà tí ó fi padà gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ọdún 1776, díẹ̀ kíún ni ó ṣẹ́kù láàyè nínú àwọn tí wọ́n jọ gbéra.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. James fi iṣẹ́ òkun sílẹ̀, ó di òṣèré tí ń ti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń bẹ níkùn rẹ̀ bí iná tí a fi eérú bò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1787, àwọn ènìyàn kan péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti pa òwò ẹrú rẹ́, ẹni tí ó sì di ẹsẹ̀ àti ojú fún ìgbìmọ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Clarkson. Láti èbúté dé èbúté ni ó ń gun ẹṣin kiri, ó ń bi àwọn atukọ̀ léèrè ohun tí wọ́n rí. Ó sì ní àpótí kan tí ó kó aṣọ híhun, awọ, eyín erin àti ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà sí, kí ó lè fi han àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ẹni tí ń hun irú aṣọ báyìí kì í ṣe ẹrù tí a ń dì sínú ọkọ̀. Sí Clarkson yìí ni James Stanfield kọ lẹ́tà rẹ̀, a sì tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní ìwé ní ọdún 1788. Ní ọdún 1789 ó tún gbé ewì gígùn jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn sí ọdún 1789 yìí, nítorí òun náà ni ọdún tí Olaudah Equiano, ọkùnrin tí ó sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni a ti jí òun gbé lọ́mọdé, tẹ ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ nínú ìdè, èkejì wà lórí ọkọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjèèjì sì ya ẹnu wọn láti jẹ́rìí. Nígbà tí ọmọ dé lẹ́yìn ọdún 4, baba kò wá orúkọ jìnnà.

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Clarkson wà ní ọmọ ọdún 13 nígbà tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807. Lẹ́yìn òfin yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọkọ̀ ogun wá sí ojú omi tiwa láti mú àwọn tí ó bá rú u. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, sílẹ̀ ní ọdún 1822, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọmọ Stanfield wọ ọkọ̀ ní ọdún 1808, ọdún kan péré lẹ́yìn òfin náà. Òkun kan náà ni baba àti ọmọ wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí baba gbà wọlé, a ti tì í kí ọmọ tó dé.

Kí ó tó wọ ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀dà. Mary ìyá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ òṣèré, mọ àwòrán yà, òun ni ó sì kọ́kọ́ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ní ọdún 1806 wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ ní Edinburgh, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ya àmì ìdílé àwọn ọlọ́lá sí ara ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí òkun fi pè é. Láti South Shields ni ó ti bá ọkọ̀ oníṣòwò lọ, ní etí òkun tí ó jẹ́ pé èédú ni ọrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ tí ń kó o lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀rùn àti nígbà òtútù. Ọmọdé tí ó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sílétì tàbí pẹ́ńsù. Okùn ni ìwé rẹ̀, òpó ọkọ̀ ni olùkọ́ rẹ̀. Yóò gun òpó nígbà tí ọkọ̀ ń mì bí ẹni tí àìsàn gbé ṣánlẹ̀. Yóò ká ìgbòkun nínú òjò. Yóò máa wo àwọsánmà ní òwúrọ̀ kí ó lè mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ yóò bí. Bí ó bá gbàgbé okùn kan, tí ó tú èyí tí kò yẹ kí ó tú, ẹ̀mí gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó fi ṣeré. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru: ọ̀rọ̀ yìí tí àwa ń fi pa òwe nílé, iṣẹ́ òòjọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn tí mo ń wí.

Ní ọdún 1812, nígbà tí ogun Napoleon ṣì gbóná, wọ́n fi ipá mú un wọ iṣẹ́ ogun ojú omi. Ní ayé ìgbà náà, òfin gba àwọn oníṣẹ́ ọba láàyè láti mú atukọ̀ yòówù tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀, ní èbúté tàbí lójú omi, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ogun láìbéèrè bóyá ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Roderick Bland ni orúkọ tí ó jẹ́ nínú ìwé ọkọ̀ ogun. Ọmọ tí a fi orúkọ jẹ́rìí fún ti orúkọ náà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Namur ni ọkọ̀ tí a fi í sí, arúgbó ọkọ̀ tí a ti kàn láti ọdún 1756, tí ó ti jagun kiri ayé, tí a sì ti so mọ́lẹ̀ báyìí ní ẹ̀bá Sheerness láti máa gba àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ọ̀gákọ̀ rẹ̀ ni Charles Austen, àbúrò Jane Austen tí ó kọ àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí ayé ń kà di òní. Àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ náà a máa ṣeré orí ìtàgé láti fi lé ìrònú lọ, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Douglas Jerrold, tí yóò di òǹkọ̀wé eré lẹ́yìnwá ọ̀la, ni ó ń darí wọn, Stanfield ni ó sì ń ya àwòrán tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ìtàgé. Ọmọ tí baba àti ìyá rẹ̀ ti ṣeré rí ni, bí ẹyẹ bá sì jìnnà dé ibi tó jìnnà dé, yóò rántí ìtẹ́. Ní ọdún 1814 a dá a sílẹ̀ nítorí àìlera ara, a sì gbà á sínú ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Warley ní ọdún 1815, tí ó gbé e dé ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó sì gbé e padà wálé ní ọdún 1816. Kò wọ ọkọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ọdún 1816 kan náà ni ilé eré kan tí ń jẹ́ Royalty, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn atukọ̀ ń gbé, gbà á láti máa ya àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé. Láti ibẹ̀ ó dé ilé eré Coburg, nígbà tí ó sì di ọdún 1823, ó wọ Drury Lane, ọ̀kan nínú àwọn ilé eré tí ó lókìkí jùlọ ní ìlú náà, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ David Roberts, ọmọ Skọ́tílándì, ti jọ ń figagbága nínú iṣẹ́ láìjẹ́ pé ìlara wọ àárín wọn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Aṣọ tí a ń ya àwòrán ìtàgé sí gbòòrò bí ògiri ilé, ọ̀dà rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀dà olóróró, bí kò ṣe èyí tí a fi omi àti àtè gbígbóná pò, tí ó máa ń yára gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà bí ó bá ti gbẹ tán, tó bẹ́ẹ̀ tí ayàwòrán ní láti mọ̀ lónìí ohun tí àwọ̀ náà yóò dà lọ́la. Kò sí àyè láti máa fi ọwọ́ pa á rẹ́. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ti rí gbogbo rẹ̀ lọ́kàn kí ó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ Stanfield tí ó tún ya ènìyàn lẹ́nu jùlọ ni àwòrán tí ń rìn: wọn a ya àwòrán sí orí aṣọ gígùn gbọọrọ, wọn a ká a mọ́ igi róbótó kan ní apá kan ìtàgé, wọn a sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ sí igi kejì ní apá kejì, tí ẹni tí ó jókòó nínú ilé eré yóò fi máa rò pé òun ni òun wà nínú ìrìn àjò, tí àwọn òkè oníyìnyín ilẹ̀ Yúróòpù ń kọjá, tí ìlú Venice pẹ̀lú odò inú rẹ̀ ń kọjá, tí kò sì kúrò lórí àga rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn Lọ́ńdọ̀nù tí kò rin ìrìn àjò rí, ojú aṣọ Stanfield ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ayé. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ti rìn jìnnà ni ó wá ń gbé ọ̀nà jíjìn wá bá àwọn ará ilé.

Ṣùgbọ́n àwòrán ìtàgé a máa parẹ́. Bí eré bá parí, a ó fi ọ̀dà mìíràn bo ti àná, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ibi tí ó wà. Bóyá ìdí nìyí tí Stanfield fi ń jí sí iṣẹ́ kejì, àwòrán olóróró tí a ń gbé kọ́ sí ògiri, tí ọmọ ọmọ ẹni lè rí. Láti ọdún 1820 ni àwòrán rẹ̀ ti ń wọ ìpàtẹ ọdọọdún ní ilé ẹ̀kọ́ ọba fún iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba William Kẹrin, tí òun náà ti ṣe atukọ̀ ogun nígbà èwe rẹ̀, pè é láti ya èbúté Portsmouth àti ọjọ́ tí a ṣí afárá tuntun Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1834 ó fi Drury Lane sílẹ̀, ní ọdún 1835 a sì gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà náà ní kíkún.

Kí ni ó wá ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ẹni tí ó jókòó sí yàrá tí ó ń ya òkun lè mọ àwọ̀ pò kí ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n irọ́ yóò wà nínú rẹ̀ tí atukọ̀ yóò rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́ nínú àwòrán tòótọ́. Bí ó bá ti apá ọ̀tún wá, òun náà ni ó gbọ́dọ̀ fẹ ìgbòkun, òun náà ni ó gbọ́dọ̀ na àsíá, òun náà ni ó gbọ́dọ̀ gbé èéfín lọ, tí yóò sì tẹ ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí àsíá bá kọ ojú síhìn-ín tí ìgbòkun kọ ojú sọ́hùn-ún, ọkọ̀ inú àwòrán náà ti rì kí á tó gbé e kọ́ sí ògiri. Bákan náà ni ìgbì. Ìgbì agbami gùn, ó sì tẹ́ bí òkè tí ó sùn. Ṣùgbọ́n bí omi bá dé ibi tí ilẹ̀ ti súnmọ́ òkè, ìgbì a kúrú, a ga ṣóńṣó, orí rẹ̀ a sì fọ́ di ìfóòfó funfun. Ní ọdún 1846, Stanfield ya àwòrán àwọn apẹja lójú òkun ní Dogger Bank, ibi tí ilẹ̀ ga lábẹ́ omi láàárín Òkun Àríwá, tí ẹja pọ̀ sí, tí ìgbì rẹ̀ sì burú nítorí pé omi rẹ̀ kò jìn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria àti Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwòrán náà wà. Àwọn olówò ọkọ̀ etíkun ìlà-oòrùn, ibi tí Stanfield ti kọ́ṣẹ́, mọ irú omi bẹ́ẹ̀ bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àfojúbà pàápàá kò sì tó àfọwọ́ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti wo okùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí okùn náà ti bó rí ni kò lè gbàgbé ibi tí a so ó mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ nínú ti ogun ni àwòrán ìjà Trafalgar, tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gágun ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀ ẹ́ láti yà, tí ó sì fi han gbogbo ayé ní ọdún 1836. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1805 ni ìjà náà wáyé, nígbà tí Stanfield fúnra rẹ̀ ṣì wà ní ọmọ ọdún 11, tí ọ̀gágun Nelson ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun Faransé àti ti Sípéènì, tí ó sì kú lójú ìjà. Ẹ wo àkókò tí ayàwòrán yìí yàn: kì í ṣe ìgbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún, bí kò ṣe nǹkan bí agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán, nígbà tí ọta ti ba Nelson, tí òpó ti wó, tí ìgbòkun ti di àkísà, tí àwọn tí ó ṣubú sómi ń di pátákó mú. Ní ọdún 1853 ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó ya Victory, ọkọ̀ Nelson, bí wọ́n ti ń fà á wọ èbúté Gibraltar, ọkọ̀ aṣẹ́gun tí kò lè dá rìn mọ́, tí òkú ọ̀gá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 3, ó ya ọkọ̀ kan tí a ti kọ̀ sílẹ̀ lójú agbami, tí kò sí ènìyàn kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ òkun rí a máa ya ògo rẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe é mọ ohun tí ògo náà ná àwọn tí wọ́n san owó rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára owó náà.

Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jẹ́rìí pé ìwà rẹ̀ kò kéré sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Charles Dickens, òǹkọ̀wé ńlá nì, ẹni tí ó fi ìwé rẹ̀ Little Dorrit júbà Stanfield ní ọdún 1857. Ọdún 2 ṣáájú èyí ni Dickens àti àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe eré kan nínú ilé rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ilé iná ojú òkun. Stanfield, tí ó ti ju ẹni 60 ọdún lọ, tí ó sì ti fi iṣẹ́ ìtàgé sílẹ̀ tipẹ́, tún bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó sì ya ilé iná Eddystone sí orí aṣọ ìtàgé náà. Dickens kò jẹ́ kí èyí parẹ́. Ó gbé e kọ́ sí ilé tirẹ̀ ní Gad's Hill.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín bi mí léèrè pé, ọmọ tí baba rẹ̀ ti gbé ní Ughoton, tí a sọ lórúkọ olùjà fún òmìnira, ṣé òun ni ó ya àwòrán ọkọ̀ ẹrú tí gbogbo ayé mọ̀? Rárá o. Turner ni ó yà á, ayàwòrán òkun tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un nínú iṣẹ́, ní ọdún 1840, òkun pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí ọwọ́ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn tí a jù sómi ń yọ lójú ìgbì. Iná ń bẹ nínú àwòrán Turner, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan ń bẹ nínú ti Stanfield. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi èyí bu ọmọ kù. Ohun tí baba rí, baba ti sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́ nígbà tí sísọ rẹ̀ léwu. Ohun tí ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣà tí ó mú kí ó sọ ọ́: kí ènìyàn má ṣe jẹ́rìí sí ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ, kí ó má sì ṣe bu ú kù.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1867, Clarkson Stanfield dágbére fún ayé ní Hampstead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 73. Bí ó ti di ìjọ Àgùdà mú, a sin ín sí ibojì ìjọ náà ní Kensal Green. Dickens fi ìwé kẹ́dùn rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: George, ọmọ rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán bíi tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́nu mi. Mo ti sọ fún yín pé arúgbó ọkọ̀ ni Namur tí a fi Stanfield sí. Ọkọ̀ náà gan-an ni Olaudah Equiano, tí ó ṣì jẹ́ ẹrú lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, wọ̀ lọ sí ogun Louisbourg, ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1758, kí a tó bí Stanfield ní ọdún 35. Ọmọ Áfíríkà tí a fi ipá kó kúrò nílé, àti ọmọ Sunderland tí a fi ipá kó sínú ogun, pátákó kan náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ó sì jẹ́rìí ní ọdún kan náà pẹ̀lú baba èkejì. Ní ọdún 1833 a tú Namur palẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ogun ní Chatham. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí síbẹ̀, àfi ìgbà tí ó di ọdún 1995 tí wọ́n ń tún ilé iṣẹ́ kan ṣe ní ibùdó àtijọ́ náà, tí wọ́n ṣí ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì bá igi ọkọ̀ ogun ńlá kan tí a tò sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni wọ́n kéde pé igi Namur ni. Fún ọdún tí ó ju 150 lọ, àwọn oníṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn kò sì mọ ohun tí ó gbé ẹsẹ̀ wọn ró. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwòrán Stanfield rí lójú tèmi. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, nínú ìwé tàbí lójú kòrókòró, tí ẹ rí omi tí ó mọ́, ọkọ̀ tí ó dúró déédéé àti okùn tí ó wà ní ààyè rẹ̀, ẹ rántí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gun òpó nínú ìjì, àti baba kan tí ó ti èbúté Ughoton padà délé, tí kò gbà kí ojú rẹ̀ rí i tán kí ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́.